Àwo Rọ́kẹ́nróò Tí Wọ́n Sá Pọ̀ Mọ́ Láfún

Bí ẹ bá rí mi lójú ọ̀nà ọjà Lálúpọn, tí mo pọn ọ̀kan, tí mo fa ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ ò ní gbà pé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mí. Irun orí mi ṣì dúdú. Eyín mi pé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe, ti parí mọ́ mi lọ́wọ́, èmi ló kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sí ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń jáde ní ilé ìwé mọ́dáànù, tí bàbá yín ń béèrè lójoojúmọ́ pé, "Iṣẹ́ wo lo máa kọ́?" Ọmọ ń mu ọyàn lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá já lójijì níbì kan, ẹ mọ̀ pé ó ti gé mi jẹ.

Iṣẹ́ mi ni gbígbé ẹ̀rọ giramafóònù lọ sóde. Ẹni tó ń sọmọ lórúkọ, ẹni tó ń ṣílé, ẹni tó ń gbéyàwó tí kò lágbára àtipe àwọn onígìtá láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A ó gbé ẹ̀rọ lé tábìlì, a ó gbé àwo lé ẹ̀rọ, a ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń pọn omi nínú kànga onírin, orin á sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí iná mànàmáná lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Apá ọmọ ènìyàn ni iná wa.

Ọ̀gá mi ni Ìyá Kùmásì. Mùsùlùmí ni wọ́n, opó ni wọ́n, ọmọ Lálúpọn gan-an sì ni wọ́n. Wọ́n bá ọkọ wọn ṣòwò ní Kùmásì nílẹ̀ Góòlù Kóòsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ kú síbẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ bọ̀ wálé. Ẹ̀rọ yẹn ni oko wọn, òun náà ni ọjà wọn.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn kò gùn. Mo ṣe tán ní mọ́dáànù, agbára bàbá mi kò ká kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì mú mi lọ. Owó ń wá, owó ń lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé bàbá mi, tí í ṣe Aládùúrà, dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Kùmásì, wọ́n ń yí fìlà wọn po lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ̀rù orin ayé yìí ló ń bà mí. Kó má lọ gbé ọmọ mi lọ."

"Bàbá Àjọkẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ìyá Kùmásì wí. "Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kì í jó. Kò ní ráyè."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ orin, n kò jó.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fa iṣẹ́ léni lọ́wọ́, ẹ gbọ́. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwo. Àwo ìgbà yẹn kì í ṣe irú ti ìsinsìnyí tó ń rọ̀ bí awọ. Ó nípọn, ó wúwo, ó sì ń fọ́ bí ìkòkò ọbẹ̀. Abọ́ tánganran ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi. Wọn á tò ó jọ sórí atẹ, wọn á gbé e rù mí, wọn á ní kí n máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn lẹ́yìn ilé, kí n tún máa padà bọ̀. Àwọn a jókòó, wọn a dijú.

"Mo gbọ́ kìn-ín," wọn á wí.

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀."

Ọwọ́ mi di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò bí ọwọ́ olè. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà ò gbọdọ̀ sún mọ́ àpótí àwo, àfi kó fi ọṣẹ dúdú fọwọ́, kó sì na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ títí yóò fi gbẹ, nítorí aṣọ ìnuwọ́ pàápàá ń fi òwú sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ẹyọ kan ni fún ojú àwo kan. Bí orin bá ti parí, yọ ọ́, jù ú nù, ki òmíràn bọ̀ ọ́. Àwọn ẹlẹ́rọ ìlú mìíràn ń lo abẹ́rẹ́ kan láti òwúrọ̀ títí òde á fi tú. Ìyá Kùmásì ní irú wọn kò kọrin, ìṣó ni wọ́n fi ń họ ojú àwo.

Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo òfin lọ nìyí: ohùn ò gbọdọ̀ ṣubú. Irin kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Bí o bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ, irin náà á dì. Bó bá ti ń tú, àwo á máa yí. Bó bá wá tú tán kí orin tó parí, ohùn olórin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á wúwo, á dà bí ti ẹni tí oorun ń gbé lọ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìtìjú iṣẹ́ wa nìyẹn. O ní láti tún irin náà dì nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbọn tábìlì, kí abẹ́rẹ́ má bàa fò.

Ó ṣubú lójú mi lẹ́ẹ̀kan, ní òde ìsọmọlórúkọ ní abúlé kan lẹ́bàá Akanran. Àwọn ọmọ kéékèèké ń sín ohùn náà jẹ, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Kùmásì ò bú mi, wọn ò sì nà mí. Wọ́n fà mí lọ síwájú bàbá ọmọ tí a ń sọ lórúkọ.

"Kúnlẹ̀. Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀. Ọlọ́jọ́ lo ṣẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń já. Bí orin bá ń dùn mọ́ àwọn èèyàn, irin ìsàlẹ̀ lèmi ń gbọ́. Ọkọ mi ní nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí nǹkan lójú oorun, òun á sì rọra di ọwọ́ náà mú.

Ó tó kí n wá sọ ti àwo rọ́kẹ́nróò, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ ayé mi rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, Kọ́lápọ̀ aránṣọ ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú àwo kan nínú páálí. Ó ti wo sinimá níbẹ̀, ó rí àwọn òyìnbó tó ń ju ẹsẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń gbé obìnrin kọjá lórí èjìká bí ẹni gbé àpò gàrí. Kò sinmi títí ó fi rí àwo irú orin náà, tí wọ́n ń pè ní rọ́kẹ́nróò, rà. Ó gbé e tọ Ìyá Kùmásì lọ: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sí i." Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, lẹ́yìn ìkórè kòkó, gbogbo ènìyàn wà nílé. Orin náà bú jáde. Gìtá ń ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, ọkùnrin tó ń kọrin ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ìlù sì ń lé àwọn méjèèjì lọ. Bàbá Súlè, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí ilé wọn kọjú sí ti Ìyá Kùmásì, dìde fùú lórí àga.

"Ẹ pe àwọn ará ilé ẹ̀ o! Nǹkan ń ṣe ọkùnrin yìí nínú àpótí!"

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti ń fò. Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n tún kóra jọ síbẹ̀, wọ́n tún gbé e sí i. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di àjọ̀dún. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Rọ́kẹ́nróò sílẹ̀, Kọ́lápọ̀ sì di ààrẹ.

"Àjọ̀dún orin?" ni Bàbá Súlè wí. "Mo mọ àjọ̀dún ìjọ. Mo mọ ti òkú. Ta ló kú nínú orin?" Síbẹ̀, lọ́dọọdún, àga wọn ló máa ń wà níwájú jù.

Ẹgbẹ́ náà ṣòfin kan. Wọ́n ní àwo àkọ́kọ́ yẹn kò gbọdọ̀ dún lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ òde, kí àwọn àwo rọ́kẹ́nróò yòókù tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, a ó dá a padà sínú páálí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Kùmásì ni wọ́n ń fi í sí. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní Ẹgbẹ́dá, ní Adégbàyí, ń wálé nítorí rẹ̀. Gbogbo wọn á dákẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó sọ̀, bí ẹni ń dúró de àdúrà. Nínú gbogbo òde tí mo ti gbé ẹ̀rọ lọ, òun ni mo bẹ̀rù jù. Bí a bá ba orin ìgbéyàwó jẹ́, ẹni méjì la ṣẹ̀. Bí a bá ba ti àjọ̀dún jẹ́, ọ̀dọ́ ìlú la ṣẹ̀, wọn ò sì ní gbọ́ òmíràn títí ọdún á fi yípo.

Ayé ń yí bí a ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ oníbátìrì dé. Àwo kéékèèké tó fúyẹ́ dé, ó ń rọra yí, eré rẹ̀ kò bá ti ẹ̀rọ wa mu. Mo bẹ Ìyá Kùmásì pé kí a ra ọ̀kan.

"Bátìrì ni wọ́n fi ń lo tiwọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí bátìrì bá kú lójú òde ńkọ́? Apá mi kì í kú láìsọ fún mi."

Rédíò kékeré dé tẹ̀lé e, àgbẹ̀ ń gbé e há orí ebè, ó ń gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́. Òde wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ojú Ìyá Kùmásì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Mo fẹ́ ọkọ, tíṣà ni lábúlé kan lọ́nà Akanran, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀, tí mò ń pè ní Màmá, la jọ ń gbé ní Lálúpọn. Láfún ni Màmá ń ṣe. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí. Mo bí Bọ́lá, àkọ́bí mi, mo sì ń pọ̀n ọ́n lọ sóde. Àwọn tí a jọ jáde nílé ìwé, tí wọ́n kọ́ aṣọ rírán, ti gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá wọn tipẹ́. Èmi ò tíì gbà á. Ìgbàkígbà tí mo bá dá a lábàá, Ìyá Kùmásì á ní, "Kò tíì yá."

Ó wá ku díẹ̀ kí àjọ̀dún ọdún yẹn kò, wọ́n pè mí.

"Àjọkẹ́, n ò rí ojú àwo mọ́. Ìwọ nìkan ni wàá gbé òde àjọ̀dún yìí. Gbé àpótí àwo lọ sílé, kí o fara balẹ̀ nu gbogbo rẹ̀. Bí ohùn ò bá ṣubú, tí àbùkù kankan ò sí, ọjọ́ náà gan-an ni màá dá ọ sílẹ̀ lójú ìlú, ẹ̀rọ á sì di tìẹ. Bí àbùkù bá wà, ẹlẹ́rọ kan ti ń bẹ̀ mí láti Adégbàyí pé kí n fún òun."

Mo dúpẹ́. Mo gbé àpótí náà relé bí ẹni gbé ẹyin, mo gbé e sí igun yàrá mi, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Màmá nìkan ni n kò kìlọ̀ fún. Ta ni í kìlọ̀ fún ìyá ọkọ?

Lọ́sẹ̀ àjọ̀dún náà, mo gbé Bọ́lá lọ sí Ìbàdàn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí n lè ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bọ̀. Òjò ká wa mọ́ ilé àǹtí mi, a ò lè padà. Ìjì kan náà jà ní Lálúpọn, ó ṣí páànù kan lórí yàrá mi. Nígbà tí mo fi délé lọ́jọ́ kejì, oòrùn ọ̀sán ti yọ, irú èyí tó máa ń jóni lẹ́yìn òjò. Màmá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀. Ṣé ara ọmọ le? Má mikàn rárá. Òjò fẹ́ jẹ ẹrù rẹ, mo gbà á lẹ́nu ẹ̀."

"Ẹrù wo, Màmá?"

"Àwọn àwo rẹ. Páálí wọn ti rin gbingbin. Mo yọ wọ́n, mo nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti sá wọn."

Ẹ dákun, ẹ fojú inú wò ó. Láfún funfun kún orí àpáta, àwo dúdú sì wà láàárín rẹ̀ káàkiri, ó ń dán bí ojú omi kànga. Wọ́n tilẹ̀ fi ààyè sáàárín wọn dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń fi sáàárín láfún kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Etí àwọn àwo náà ti ká sókè bí ewé kókò tí iná rà. Mo mú àwo àjọ̀dún. Ó gbóná bí àkàrà, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Màmá wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ó ti gbẹ, àbí?"

"Ó ti gbẹ, Màmá. Ẹ ṣeun."

"Kí ló dé tí o fi ń gbọ̀n?"

"Òtútù òjò àná ni."

Nínú oòrùn yẹn! Mo fi aṣọ ọmọ wé àwo náà, mo sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kùmásì. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnu ọ̀gá mi mú. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹni tó ṣe é, ọ̀rọ̀ náà á dé ọjà ṣáájú ìrọ̀lẹ́, Màmá ò sì ní lè gbé láfún wọn jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́.

Ìyá Kùmásì fi ìka tọ etí àwo náà yípo.

"Subuhánàllàhi. Ta ló sá a?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ?" Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àtàǹpàkò. "Ọwọ́ yìí kọ́. Ọwọ́ yìí kì í gbé àwo kọjá níwájú ààrò. Ṣé ìyá ọkọ rẹ ni?"

Mo ń ká aṣọ ọmọ tí mo fi wé àwo.

"Ó dáa. Ẹni tó bo ìyá ọkọ rẹ̀ láṣìírí, Ọlọ́run á bo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo ò mọ ìyẹn." Wọ́n dìde, wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri lọ títí ọwọ́ wọn fi kan fọ́tò ọkọ wọn tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. "Bá mi yọ gíláàsì iwájú ẹ̀. Alhaji á gbà. Òun náà fẹ́ràn orin. Oòrùn ló ká àwo yìí, oòrùn náà la ó bẹ̀."

Wọ́n di èjìká mi mú, a padà sí ilé wa. Ìgbà tí Màmá rí ọ̀gá mi pẹ̀lú gíláàsì, tí wọ́n rí ojú mi, ó yé wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí.

"Yéè! Mo ti ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́! Ó ní ẹ ṣeun fún mi o! Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!"

"Ẹ dìde, ìyá," ni Ìyá Kùmásì wí. "Ẹ̀yin lẹ sá a, ẹ̀yin náà lẹ ó bá wa tún un sá. Ìgbà wo ni àpáta yín máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kì í jóni?"

Màmá nu ojú. "Ìdájí ti tutù jù. Bí ìrì bá ti gbẹ lára koríko, kí oòrùn tó kọjá orí igi àgbọn yẹn."

Gíláàsì kejì, ara àwòrán áńgẹ́lì tí Màmá gbé kọ́ lórí ibùsùn ni wọ́n ti yọ ọ́ fúnra wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a tẹ́ gíláàsì Alhaji sórí àpáta, a gbé àwo lé e, a fi gíláàsì áńgẹ́lì bò ó, a ká aṣọ lé e, a sì gbé ọmọ ọlọ lé gbogbo rẹ̀. Àwa mẹ́ta jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Ìyá Kùmásì ń ṣe tẹ̀sùbáà, Màmá ń kọ orin Aládùúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi ò mọ èyí tí mo lè ṣe. Mo ń fún ọmọ lọ́yàn, mo sì ń wo igi àgbọn.

Nígbà tí a gbé e sí ibòji tó tutù, a ṣí i. Ó ti tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣì rú sókè díẹ̀ bí ìgbì omi. Bí a bá tún gbé e sóòrùn, ó lè sán. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń tẹ́ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́nà kan náà. Mo sọ fún Kọ́lápọ̀ ààrẹ pé òjò pa àwo. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, á ṣáà dún?"

"N ò mọ̀, bọ̀ọ̀dá. Bí mo bá dán an wò, ẹ̀ẹ̀kan ọdún yìí náà ti lọ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Òfin ni."

Sátidé dé. Mo ti ri ẹsẹ̀ tábìlì mọ́lẹ̀ dáadáa, mo ti ki abẹ́rẹ́ tuntun, mo ti di irin ẹ̀rọ títí ó fi kọ̀. Ìyá Kùmásì jókòó lápá ọ̀tún mi, wọ́n dijú. Màmá dúró lẹ́yìn pátápátá, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn. Gbogbo òde dákẹ́. Mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Gìtá bẹ̀rẹ̀, ó mọ́. Àyà mi fẹ́ balẹ̀. Ọkùnrin náà wá lanu. Abẹ́rẹ́ gun ìgbì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè, ó ń ṣubú, ó ń lọ sókè, ó ń ṣubú, bí ẹni ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà oníkòtò. Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ, kò ran nǹkan. Kì í ṣe ti irin. Kò sẹ́ni tó jó. Wọ́n ń wo ara wọn. Kọ́lápọ̀ dúró, ẹnu rẹ̀ là.

"Kí ló ṣe ohùn ọkùnrin yìí lọ́dún yìí?" ni ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn.

Bàbá Súlè yíjú padà láti orí àga iwájú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí náà! Láti ọdún wo ló ti ń pariwo? Ẹ fẹ́ kó má darúgbó ni? Ẹ wo èmi, ṣé ohùn tèmi náà ò ti ń gbọ̀n?"

Ẹ̀rín bú. Bàbá Súlè dìde, wọ́n gbé ọ̀pá wọn sókè, wọ́n sì ń mi èjìká sókè sódò pẹ̀lú ohùn náà bí ó ti ń gun òkè tó ń sọ̀. Kọ́lápọ̀ bá wọn mì ín. Gbogbo òde bá a mì. Mo gbọ́ ohùn Màmá láti ẹ̀yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún.

Orin parí, òde gba ariwo. Mo yíjú sí ọ̀gá mi. Ojú wọn ṣì dì.

"Ohùn ṣubú," ni wọ́n wí, kí èmi nìkan lè gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìlú dárí jì ọ́. N ò bá ìlú jà. Ṣùgbọ́n n ò lè dìde lọ́jọ́ òní, kí n sọ níwájú Ọlọ́run pé àbùkù ò sí."

Wọn ò dìde. Òde tú, kò sẹ́ni tó dá mi sílẹ̀. Mo dé ilé, n kò lè jẹun. Mo ń retí kí ẹlẹ́rọ Adégbàyí wá gbé ẹrù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, alábàárù kan gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní Ìyá Kùmásì ní kí òun wí báyìí pé: "Ẹ̀rọ, mo fún ọ. Òmìnira, kò tíì yá. Wá máa jíṣẹ́ fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀."

Ẹ ò ní mọ bí ó ṣe rí lára mi. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, mo sì ń bẹ̀rù Jímọ̀. Mo lọ ní gbogbo Jímọ̀. Mo ń jókòó lẹ́sẹ̀ wọn, mo ń ròyìn òde tí mo lọ, wọ́n ń bi mí nípa abẹ́rẹ́, nípa tábìlì, nípa ọwọ́. Mo lo ẹ̀rọ náà nínú ẹ̀rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó máa fà mí lọ kúnlẹ̀ mọ́. Kí n tó gbé e lọ sí òdekóde, mo máa ń dán an wò nílé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ó tilẹ̀ rẹ̀ mí tó, bí ọmọ tilẹ̀ ń ké.

Lẹ́yìn náà ni ogun tí ẹ̀yin náà mọ̀ dé. Àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ lọ ṣe sójà. Kọ́lápọ̀ ń rán aṣọ ọmọ ogun ní Ìbàdàn. Ọjọ́ àjọ̀dún kò, a ò rí ẹni tó ṣe é. Òde tó kù, rédíò àti ẹ̀rọ bátìrì gbà á. Mo lóyún ìkejì, mo bí i. Èyí tí wọ́n bá fi ṣàánú pè mí, mo ń lọ.

Ní ọjọ́ kan báyìí, mo ń dán ẹ̀rọ wò nítorí ìṣílé kan, mo gbọ́ ìró kan, "tó!", nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀rọ ń yí lásán. Irin ìgbín náà ti já. Mo gbé e káàkiri Ìbàdàn, wọ́n ní irú rẹ̀ kò wọlé mọ́, kí n lọ ra ti bátìrì. Mo dá àwọn onílé tuntun lóhùn pé n kò lè wá. Mo wá pọn ọmọ, mo gbé ẹ̀rọ rù, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kùmásì. Kì í tilẹ̀ ṣe Jímọ̀.

"Ọ̀gá mi, irin ti já. Kò sí irú rẹ̀ mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán."

Wọn kò rí nǹkan kan mọ́ nígbà náà. Wọ́n fi ọwọ́ wá ẹ̀rọ, wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń yí lófìfo. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí.

"Níbo ló ti já?"

"Nílé, mà."

"Kì í ṣe lójú òde?"

"Rárá, mà. Mo ń dán an wò kí n tó gbé e lọ ni."

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó?"

"Wọn ò tíì jáde nílé wọn pàápàá."

"Kí ló dé tí o fi ń dán an wò? Ẹ̀rọ tí o ti mọ̀ láti ìgbà ọmọdé rẹ."

Mo rò ó. Kò sí irọ́ tí mo lè pa fún wọn.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà. Ẹ̀rù ń bà mí ní gbogbo ìgbà."

"Ẹ̀rù náà ni iṣẹ́," ni wọ́n wí. "Ìyókù, apá lásán ni. Bu omi wá."

Mo bu omi tútù sínú igbá, n kò sì tètè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Wọ́n wá orí mi títí wọ́n fi rí i, wọ́n da omi náà lé mi lórí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wúre: pé ọwọ́ mi ò ní gbọ̀n, pé ọjọ́ ọlọ́jọ́ ò ní bàjẹ́ lójú mi, pé láti òní lọ, mo ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ giramafóònù, kò sí ẹni tó lè bi mí léèrè. Kò sí ará ìlú níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti kú nìkan ló ń wò wá. Omi ṣàn sí ojú ọmọ lẹ́yìn mi, ó figbe ta. Ìyá Kùmásì na ọwọ́, wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ojú rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbòmìnira ni mo fẹ̀yìn tì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí ìkúnlẹ̀, omi ń kán ní agbárí mi, mo sì gbé ẹ̀rọ mi rù, mo ń rọra rìn lọ sílé kí ó má dún kìn-ín.